Omi, Òòfà àti Orúkọ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Òòfà Ya Àwòrán Inú Ara Ènìyàn

Ìfáàrà

 Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀yìn ń ro mí gidigidi. Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán rẹ̀ nínú ẹ̀rọ onírin òòfà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní MRI. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, aago àti owó ẹyọ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tì mí sínú ihò ẹ̀rọ náà. Ariwo tí ó ń pa ju ti òòlù alágbẹ̀dẹ lọ. Nígbà tí mo jáde, mo bi ọ̀dọ́ dókítà kan pé, "Dókítà, kí ni ẹ̀rọ yìí yà?" Ó fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Eegun ẹ̀yìn yín ni, sà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sí ilé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ìdáhùn náà kò tọ̀nà tó. Ẹ̀rọ náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn kankan láti inú eegun líle. Omi àti ọ̀rá ni ó ń gbọ́. Dúdú tí eegun líle máa ń dú nínú àwòrán náà, àìfọhùn rẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé tí kò sì mọ èdè tí a fi kọ ọ́, àṣìkà kò jìnnà sí i. Àṣìkà ní ilé ìwòsàn sì lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Iṣẹ́ ìwé kíkà ni mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi. Nítorí náà ni mo ṣe gbà láti sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ìwé yìí, àwọn tí ó kọ ọ́, àti ìjà tí wọ́n jà lórí orúkọ ẹni tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn ìwé náà.

1. Òjìji àti Ohùn

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ó ń gba inú páálí dúdú kọjá. Kò mọ irú ìtànṣán tí í ṣe. Nítorí náà ó fi lẹ́tà X, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń dúró fún ohun tí a kò mọ̀, sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà náà ni oníṣègùn ti ń rí inú ara láìfi ọ̀bẹ là á. Ṣùgbọ́n òjìji ni àwòrán Röntgen. Ohun tí ó bá le, bí eegun, a dí ìtànṣán lọ́nà. Ohun tí ó bá rọ̀, bí ẹran ara, a jẹ́ kí ó kọjá. Ọpọlọ tí ó wà nínú agbárí, tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ní òjìji tirẹ̀.

Ẹ̀rọ òòfà gba ọ̀nà mìíràn. Kì í ran ìtànṣán gba inú ara kọjá kí ó lè wo òjìji rẹ̀. Ó ń pe ara, ara sì ń jẹ́. Ohun tí ó ń jẹ́ ìpè náà ni kí á wá wò nísinsìnyí.

2. Òkòtó Inú Omi

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi ni ó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn. Háídírójìn méjì àti ọ́síjìn kan ni ó parapọ̀ di ẹ̀ka omi kan. Kóró inú átọ́ọ̀mù háídírójìn, tí a ń pè ní prótọ́ọ̀nù, ń hùwà bí irin òòfà kékeré. Ní ọdún 1922, ní ìlú Frankfurt, Otto Stern àti Walther Gerlach ti fi hàn pé átọ́ọ̀mù fàdákà, nígbà tí ó bá kọjá láàárín òòfà, kì í kọjú sí ibi tí ó wù ú, bí kò ṣe ọ̀nà méjì péré. Ní ọdún 1933, Stern àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Hamburg wọn agbára òòfà prótọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ta òkòtó rí ní ìgbà èwe yín, ẹ óò rántí pé nígbà tí òkòtó bá ń yí, tí ó sì dagun díẹ̀, kì í ṣubú lẹ́sẹ̀kan náà. Orí rẹ̀ a máa rọra yí òbìrípo kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fi orí júwe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni prótọ́ọ̀nù máa ń ṣe nínú agbára òòfà. Àfiwé ni mo fi ṣe é o. Àwọn onímọ̀ físíìsì yóò sọ fún yín pé prótọ́ọ̀nù kò yí bí òkòtó ti ń yí ní ti gidi. Ṣùgbọ́n àfiwé tí ó bá gbé wa dé ibi tí à ń lọ kì í ṣe irọ́, níwọ̀n ìgbà tí a bá rántí pé àfiwé ni.

Joseph Larmor ni ó ṣe àlàyé ìṣirò irú ìyíporí yìí ní ọdún 1897. Òfin náà rọrùn: bí agbára òòfà bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyíporí náà yóò ṣe yá tó. Nínú òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ téslà 1, prótọ́ọ̀nù ń yí orí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 42.58 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ẹ̀rọ téslà 1.5 tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 64 ìgbà. Ẹ kíyèsí iye yìí dáadáa. Kò jìnnà sí ibi tí à ń yí rédíò sí nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ilé iṣẹ́ FM, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 88. Ìgbì rédíò lásán, irú èyí tí ó ń gba inú ilé wa kọjá lọ́sàn-án lóru, ni a fi lè pe prótọ́ọ̀nù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìpè ni ó ń jẹ́. Ọmọdé tí ń ṣeré jangilọ́fà mọ òfin yìí. Bí a bá ń tì í ní àkókò tí ó bá ìlọ-bọ̀ rẹ̀ mu, ìtì díẹ̀díẹ̀ yóò gbé e lọ sókè réré. Bí a bá ń tì í ní àkókò tí kò bá a mu, agbára wa yóò ṣòfò. Bí ìgbì rédíò bá bá ìyíporí prótọ́ọ̀nù dọ́gba, prótọ́ọ̀nù yóò gba agbára náà. Bí a bá sì dákẹ́, yóò dá a padà díẹ̀díẹ̀, wáyà tí a ká yí ara ká yóò sì gbọ́ ọ. Ohun tí mo ń pè ní ìjẹ́pè òòfà nínú ọ̀rọ̀ mi yìí nìyẹn.

Ohùn náà kéré púpọ̀. Nínú òòfà téslà 1.5, àwọn prótọ́ọ̀nù kan kọjú sí ibi tí òòfà kọjú sí, àwọn mìíràn sì kẹ̀yìn sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí a bá kó mílíọ̀nù kan jọ, nǹkan bí márùn-ún péré ni àwọn tí ó kọjú sí i fi ju àwọn tí ó kẹ̀yìn sí i lọ. Àwọn márùn-ún yìí nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń gbọ́; ìyókù ti pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ohun tí ó gbà wá ni pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ní prótọ́ọ̀nù tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Ìdí sì nìyí tí òòfà ẹ̀rọ náà fi gbọ́dọ̀ lágbára: téslà 1.5 tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé tí ó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì.

3. Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Gbọ́ Ohùn Náà

Ẹni tí ó kọ́kọ́ wá nǹkan kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Cornelis Gorter, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, wá ìjẹ́pè òòfà ní ọdún 1936, kò rí i. Ní ọdún 1937, ó lọ kí Isidor Rabi ní Yunifásítì Columbia ní New York, wọ́n sì jọ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1938, Rabi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i nínú ìṣàn àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n rán gba inú òfúrufú tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Gorter tún gbìyànjú ní ọdún 1942, ó sì tún pòfo. Rabi gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1944.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, àwọn onímọ̀ tí ogun ti kọ́ ní ìlò rédíò àti rádà padà sí yàrá ìwádìí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, Edward Purcell, Henry Torrey àti Robert Pound gbọ́ ìjẹ́pè prótọ́ọ̀nù láti inú ìda tí a fi ń ṣe àbẹ́là, ní Harvard. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Felix Bloch, William Hansen àti Martin Packard gbọ́ ọ láti inú omi, ní Stanford, ní òdìkejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Bloch àti Purcell jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1952, kò sì sí ìjà.

Bloch ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì tí oníṣègùn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nígbà tí ìpè bá dákẹ́, prótọ́ọ̀nù ń padà bọ̀ sípò ní ọ̀nà méjì. Èkíní, ó ń dá agbára tí ó gbà padà fún ohun tí ó yí i ká, ó sì ń padà kọjú sí òòfà. Iye àkókò tí ó fi ń ṣe èyí ni wọ́n ń pè ní T1. Èkejì, àwọn prótọ́ọ̀nù tí wọ́n ti jọ ń yí orí pọ̀ bí oníjó tí ó ń tẹ̀lé ìlù kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ẹsẹ̀ gbé, títí ijó náà yóò fi dàrú. Iye àkókò èyí ni T2. Nínú ọ̀rá, T1 kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nínú omi tí ó yí ọpọlọ ká, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ní ọdún 1948, Nicolaas Bloembergen, Purcell àti Pound ṣàlàyé pé ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe ń ráyè mira tó. Nípa báyìí, omi tí ó wà lómìnira kò sọ̀rọ̀ bí omi tí ó há sínú ẹran ara. Ní ọdún 1950, Erwin Hahn tún rí i pé bí a bá pe prótọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kejì ní àkókò tí ó yẹ, ijó tí ó ti dàrú tún lè tò padà fún ìgbà díẹ̀, tí a óò sì gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀.

4. Bí Ohùn Ṣe Di Àwòrán

Fún nǹkan bí ọdún 25, irinṣẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì ni ìjẹ́pè òòfà jẹ́. Ní ọdún 1971, Raymond Damadian, oníṣègùn kan ní Brooklyn, tẹ ìwé jáde pé T1 àti T2 inú kókó jẹjẹrẹ tí ó yọ lára eku gùn ju ti ẹran ara tí ó yè kooro lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ó túmọ̀ sí pé ohùn omi lè sọ fún wa pé àìsàn wà. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò sọ ibi tí àìsàn wà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Paul Lauterbur, onímọ̀ kẹ́místírì láti Stony Brook, ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń tún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe lára ẹran eku. Inú rẹ̀ kò dùn sí i pé a ní láti pa ẹran kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń ronú bí a ṣe lè mọ ibi tí ohùn ti wá nínú ara tí ó wà láàyè. Títí di ìgbà náà, gbogbo ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe làálàá kí agbára òòfà lè dọ́gba níbi gbogbo. Lauterbur ní kí á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó má dọ́gba: kí ó kéré ní apá kan, kí ó sì máa pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sí apá kejì. Bí onílù mẹ́wàá bá tò láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, tí ohùn ìlù wọn sì ń ga sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè, ẹni tí ó di ojú yóò mọ ibi tí onílù kọ̀ọ̀kan dúró sí. Gíga ohùn ni yóò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyíporí prótọ́ọ̀nù ṣe di àdírẹ́sì rẹ̀.

Ìwé ìròyìn Nature kọ́kọ́ kọ àròkọ Lauterbur, kí ó tó gbà á, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1973. Àwòrán tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ti túùbù omi kékeré méjì tí ó wà nínú omi wíwúwo lọ. Nínú ọdún yẹn kan náà, Peter Mansfield àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ èrò tiwọn jáde. Mansfield fi ìṣirò hàn bí a ṣe lè mú àwòrán náà yá. Ní ọdún 1977, ó tẹ àwòrán ìka ènìyàn tí ó wà láàyè jáde. Ní ọdún 1978, ó wọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè ya àwòrán ikùn rẹ̀. Richard Ernst ní Zürich ti fi ìṣirò Fourier sínú iṣẹ́ náà ní ọdún 1975. Ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, ẹgbẹ́ John Mallard ṣe ọ̀nà ìyàwòrán kan ní ọdún 1980 tí àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí ṣì ń tẹ̀lé, wọ́n sì fi ya aláìsàn nínú ọdún náà.

Damadian kò jókòó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1977, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ya àwòrán àyà ènìyàn nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tín-ínrín jù ú lọ ni ó wọlé tí ẹ̀rọ fi gbọ́. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún, nítorí pé ojú kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń gbọ́ ohùn ara.

5. Ìjà Orí Orúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lauterbur sọ ọmọ tirẹ̀ ní zeugmatography. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé inú ìwé ọnà èdè ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìdajì rẹ̀. Zeugma, ní èdè Gíríìkì, ni ohun tí a fi ń so nǹkan méjì pọ̀, bí àjàgà ṣe ń so akọ màlúù méjì. Àwọn onímọ̀ ọnà èdè fi ń pe gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ti ru ẹrù ọ̀rọ̀ méjì. Lauterbur lò ó nítorí pé òòfà tí kò dọ́gba àti ìgbì rédíò ni ó so pọ̀. Ọ̀kan nìkan kò lè ya àwòrán. Orúkọ tí ó bá ìṣe mu ni, ṣùgbọ́n kò dúró.

Orúkọ kejì ní ọ̀rọ̀ núkílíà nínú, nítorí pé kóró átọ́ọ̀mù ni ó ń jẹ́ ìpè. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ilé ìwòsàn yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, nítorí pé ìbẹ̀rù bọ́ǹbù wà lọ́kàn àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di MRI. Òtítọ́ ni pé kò sí ewu ìtànṣán apanilára nínú ẹ̀rọ yìí; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tí ń bani lẹ́rù, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tí ń sọ òtítọ́ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kí ó wà lára ìdí tí ọ̀dọ́ dókítà tèmi kò fi rántí ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́.

Ní ọdún 2003, Lauterbur àti Mansfield gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn. Òfin ẹ̀bùn náà gba ènìyàn mẹ́ta. Wọn kò dárúkọ Damadian. Inú bí i. A ra odidi ojú ewé nínú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá ní Amẹ́ríkà láti fi sọ pé ìtìjú ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọn kò yí ìdájọ́ padà títí ó fi kú ní ọdún 2022.

Kí ni èrò tèmi? Mo gbà pé àwọn onídàájọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wò: láìsí ọ̀nà tí a fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá, kò sí àwòrán, Lauterbur ni ó sì fi ọ̀nà náà hàn. Ọ̀nà ojú kan lẹ́yìn òmíràn tí Damadian gbà kọ́ ni àwọn ẹ̀rọ òde òní ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè ìbéèrè náà ńkọ́? Bí kò bá sí ìwádìí lára kókó jẹjẹrẹ, kí ni Lauterbur ì bá jókòó wò ní oṣù Kẹsàn-án yẹn? Àyè kẹta wà, ó ṣófo, ó sì dùn mí pé ó ṣófo. Gorter tí ó wá tí kò rí, Hahn tí ó gbọ́ gbohùngbohùn, àwọn ará Aberdeen, gbogbo wọn ni wọ́n wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

6. Ohun Tí Ó Yẹ Kí Oníṣègùn Fi Sọ́kàn

Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ohun mẹ́ta.

Èkíní, àwòrán yìí kì í ṣe fọ́tò. Ìdáhùn sí ìbéèrè ni. Bí a bá ṣe ìpè ní ọ̀nà tí yóò fi T1 hàn, ọ̀rá yóò funfun, omi ọpọlọ yóò sì dúdú. Bí a bá ṣe é ní ọ̀nà tí yóò fi T2 hàn, omi kan náà yóò funfun. Ohun tí ó yí padà kì í ṣe ara aláìsàn, ìbéèrè ni. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè kò lè túmọ̀ ìdáhùn.

Èkejì, òòfà náà kì í sùn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ńlá, wáyà òòfà wà nínú hílíọ́ọ̀mù olómi tí ó tutù dé nǹkan bí -269 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná ń yí po nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, yálà a ń ya àwòrán tàbí a kò yà. Ní ọdún 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, òòfà fa sílíńdà ọ́síjìn tí ẹnì kan gbé wọ yàrá náà, ó sì pa ọmọ ọdún 6 tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wo ìwádìí nípa irin kí aláìsàn tó wọlé.

Ẹ̀kẹta, àwọn ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyí kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa, iná àti hílíọ́ọ̀mù wọn sì wọ́n. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré ní Amẹ́ríkà, tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ téslà 0.064, tí a lè tì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ohùn tí ó ń gbọ́ kéré, àwòrán rẹ̀ kò sì mọ́ tó ti ẹ̀rọ ńlá. Òye ẹni tí ń kà á ni ó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún wa, bí a bá ní àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń kà.

Ìparí

Ní ọdún 1987, Isidor Rabi, tí ó ti di arúgbó, ń ṣàìsàn. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ òòfà láti yẹ inú ara rẹ̀ wò. Ara inú ihò ẹ̀rọ náà ń dán, a sì gbọ́ pé ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnu sì yà á pé ibi tí iṣẹ́ òun yóò yọrí sí nìyí. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1988. Nígbà tí ó ń wá ìjẹ́pè òòfà ní ọdún 1938, kì í ṣe aláìsàn kankan ni ó ní lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà, bí arúgbó kan bá tún bi yín ní ọ̀la pé kí ni ẹ̀rọ yìí yà, ẹ sọ fún un pé, "Omi ara yín ni a pè, sà, ó sì jẹ́ wa." Ìdáhùn náà kò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì jẹ́ òtítọ́.